Súkúdíráfà Ẹlẹ́nu-Púpọ̀: Èwo Ló Tó Rà fún Ilé àti fún Iṣẹ́?

Súkúrù tí orí rẹ̀ ti jẹ, wàhálà gidi ni. Kò ṣeé tú, kò ṣeé dè sí i, ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń dúró de àtúnṣe. Oníṣẹ́ á gbé òòlù àti irin ṣóńṣó, á fi ìdajì ọjọ́ bá a jà, nígbà mìíràn ike ara ẹ̀rọ náà á sán mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà wò dé ìdí, súkúrù kọ́ ló ṣẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Irinṣẹ́ tí a kì bọ̀ ọ́ lórí ni ẹnu rẹ̀ kò bá a mu, tàbí tí irin rẹ̀ rọ̀ jù.

Ọjà wa ti kún fún súkúdíráfà ẹlẹ́nu-púpọ̀: èèkù kan, ọ̀pá kan, àti bíìtì tí a lè pààrọ̀. Àwọn kan ní ẹnu mẹ́fà, àwọn kan mọ́kànlá, òmíràn kọjá ọgọ́rùn-ún nínú páálí kan ṣoṣo. Ẹ ó rí i ní Ìdúmọ̀tà àti Alábà, ní Computer Village tó wà ní Ìkẹjà, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri láàárín ọkọ̀ nígbà tí ojú ọ̀nà bá dí. Iye bíìtì ni olùtajà máa ń kọ́kọ́ kà síni létí, iye yẹn ló sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ẹnu mẹ́jọ tó bá orí súkúrù mu rẹ́gí, tí irin rẹ̀ sì le, sàn ju ọgọ́rùn-ún tó ń yọ̀ lọ.

Orí súkúrù ló ń pàṣẹ

A ò lè mọ súkúdíráfà tó dára bí a ò bá mọ orí súkúrù tí a fẹ́ kì í bọ̀. Oríṣiríṣi ni orí súkúrù, kálukú ló sì ní ìdí tí wọ́n fi dá a.

Èyí tó ní ìlà kan ṣoṣo lórí, tí à ń fi ẹnu pẹlẹbẹ tú, ló dàgbà jù. Ó rọrùn láti ṣe, àmọ́ irin máa ń yọ̀ kúrò nínú ìlà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgàgà bí ẹnu súkúdíráfà bá kéré sí i. Wọ́n ní irú ìyọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gé Peter Lymburner Robertson, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, lọ́wọ́, tó fi ronú kan súkúrù tí ihò orí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin ní 1908. Títí dòní, ní Kánádà, kò sí ibi tí ẹ kò ti ní bá a pàdé. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá wá ra àpótí bíìtì tí onígun mẹ́rin pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn yẹn lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìjáde.

Onísítáà, èyí tí ihò orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú, ni ọba lọ́dọ̀ wa. Henry F. Phillips, ará ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, lẹ́yìn tó ra èrò náà lọ́wọ́ John P. Thompson. Ní nǹkan bí 1936, ilé iṣẹ́ General Motors ti ń fi í to ọkọ̀ Cadillac. Ohun tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé irin máa ń wá àárín ihò náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ á sì yá. Àléébù rẹ̀ kò jìnnà sí àǹfààní rẹ̀: ògiri ihò náà dagun, bí a bá sì ti ń fi agbára yí i, ó máa ń ti irin jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ẹ ṣe ń yí i. PH2 (PH dúró fún Phillips) ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù. PH1 ló tẹ̀ lé e. PH0 àti àwọn tó kéré jù ú lọ wà fún rìmóòtì, ohun ìṣeré ọmọdé, kọ̀ǹpútà àti fóònù.

Ìbátan onísítáà méjì wà tó ń da àwọn èèyàn láàmú, nítorí pé bí wọ́n ti jọ ọ́ tó, ẹnu rẹ̀ kò bá wọn mu. Àkọ́kọ́ ni Pozidriv, tó dé ní àwọn ọdún 1960. Ẹ ó fi ìlà tín-ín-rín mẹ́rin tí wọ́n fà sí àárín apá àgbélébùú rẹ̀ dá a mọ̀. Òun ló kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù. Àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester tó ń to kọ́ńbọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú páálí, PZ2 ni wọ́n nílò. Bí wọ́n bá fi PH2 ṣe é, orí súkúrù á jẹ kí wọ́n tó dé ìdajì. Ìkejì ni ti àwọn ará Japan, tí à ń pè ní JIS. Ara ọ̀kadà Honda, Yamaha àti Suzuki àtijọ́ la ti ń rí i, ó sì sábà máa ń ní àmì tó-tó kékeré kan lórí. Bí PH2 lásán kò bá wọlé dé ìdí, tó sì ń yọ̀ lórí kábúrẹ́tọ̀, òun ló ń bá yín jà yẹn. Vessel, ilé iṣẹ́ tó ti wà ní Osaka láti 1916, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe irin tó bá a mu.

Torx, tó jáde ní 1967, ní igun róbótó mẹ́fà bí ìràwọ̀. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, kì í ti irin jáde bí onísítáà. Ó pọ̀ lára ọkọ̀ àti lára ẹ̀rọ géèmù. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i tí ṣóńṣó kan yọ láàárín rẹ̀. Wọ́n ṣe ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má kàn ṣí i, bíìtì tó ní ihò láàárín nìkan ló sì lè wọ̀ ọ́. Onígun mẹ́fà, èyí tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ Allen tú, wà lára ohun èlò ilé àti ọ̀kadà. Àwọn iPhone tún ní tiwọn: Pentalobe onígun róbótó márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti iPhone 7 ti 2016 sì ni onílà mẹ́ta ti wọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà, ẹ rìn yí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù yín ká. Ẹ wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, àgbékọ́ ilẹ̀kùn, fáànù, ẹ̀yìn ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ara jẹnẹrétọ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ kọ orí súkúrù tí ẹ bá rí sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, àkọsílẹ̀ náà kì í ju báyìí lọ: PH0, PH1, PH2, pẹlẹbẹ kékeré kan àti ńlá kan, Torx méjì tàbí mẹ́ta, àti Allen mélòó kan. Ohun tí owó yín gbọ́dọ̀ rà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣi mẹ́rin tó wà lọ́jà

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́fà-nínú-ọ̀kan. Bíìtì méjì péré ló ní, ṣùgbọ́n ìkọ̀ọ̀kan ní ẹnu lọ́tùn-ún lósì, ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Bí ẹ bá yọ bíìtì kúrò, ihò tó ṣẹ́kù ní ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀pá á di ohun tí à ń fi tú nọ́ọ̀tì, ó pé mẹ́fà. Kò wọ́n, ọ̀pá rẹ̀ gùn, kò sì sí ohun tó rọrùn láti sọnù lára rẹ̀. Ti Klein Tools, ilé iṣẹ́ àwọn oníná tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1857, fẹ ọgbọ́n yìí dé mọ́kànlá: ẹnu mẹ́jọ àti ihò nọ́ọ̀tì mẹ́ta.

Ẹ ṣọ́ra fún ihò nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn. Ínṣì ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n: 1/4, 5/16 àti 3/8. 5/16 jẹ́ mìlímítà 7.94, kò yàtọ̀ sí 8 lójú iṣẹ́, ẹ lè fi í tú súkúrù páànù òrùlé tí orí rẹ̀ jẹ́ 8. Ṣùgbọ́n 3/8 jẹ́ mìlímítà 9.5, nọ́ọ̀tì 10 tó kún ara ọkọ̀ Toyota kò sì lè wọ inú rẹ̀ láé. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá fẹ́ fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún un kó wá èyí tí wọ́n fi mìlímítà wọ̀n.

Ìkejì ni èyí tó ń gbé bíìtì pamọ́ sínú èèkù. Megapro ti ilẹ̀ Kánádà gbajúmọ̀ fún un: ẹ ó fa ìdí èèkù náà sẹ́yìn, bíìtì á sì jáde ní títò. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn Linus Tech Tips orí YouTube gbà ṣe súkúdíráfà tiwọn tó jáde ní 2022, tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí dólà 70 nígbà náà. Owó ńlá nìyẹn fún ìlò ilé, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lépa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú irú èyí ló fi jẹ́ àyànfẹ́ mi: bíìtì tó ń lò ni èyí tí gbogbo ayé ń lò, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́fà, tó fẹ̀ tó ìdámẹ́rin ínṣì, ìyẹn mìlímítà 6.35. Bí PH2 rẹ̀ bá jẹ, ẹ ó ra PH2 kan ṣoṣo, iṣẹ́ á máa lọ. Èyí tó ní bíìtì àrà ọ̀tọ̀ tí kò bá ti ẹlòmíràn mu, ọjọ́ tí ọ̀kan bá sọnù ni gbogbo rẹ̀ ti di ìdajì irinṣẹ́.

Ìkẹta ni àwọn kékeré fún fóònù àti kọ̀ǹpútà. Mìlímítà 4 ni ìdí bíìtì wọn, orí èèkù wọn sì máa ń yí lọ́tọ̀ kí ìka kan lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìka yòókù ṣe ń yí i. Àpótí Mako ti iFixit ní bíìtì 64 irú èyí. Níhìn-ín, iye náà ní ìtumọ̀, torí pé àwọn tó ń ṣe fóònù kò fi ẹnu kò lórí irú súkúrù kan.

Ìkẹrin ni àwọn àpótí oníbíìtì ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. PH2 lè tó mẹ́fà, pẹlẹbẹ lè tó mẹ́wàá, Torx tí ẹ kò ní lò láé á kún ìyókù. Nígbà tí wọ́n bá rọ irin tó pọ̀ tó báyìí fún owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀, líle irin ni wọ́n máa ń fi du oníbàárà.

Bí a ṣe ń dán an wò lọ́jà

Irin tó dára fún bíìtì gbọ́dọ̀ le, kó sì lè tẹ̀ díẹ̀ láìṣẹ́. Bó bá rọ̀, ẹnu rẹ̀ á ká bí ẹ bá fi agbára yí i. Bó bá le jù, á kán. Lórí òṣùwọ̀n Rockwell, bíìtì gidi máa ń wà láàárín 58 sí 62. S2 ni orúkọ irin tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọṣẹ́ ń lò fún ẹnu. Chrome vanadium, èyí tí wọ́n máa ń kọ Cr-V sára rẹ̀, dára fún ọ̀pá, ó sì ṣeé lò fún ẹnu bí wọ́n bá sè é bó ṣe yẹ nínú iná. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin kò tó ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ Cr-V sára ohunkóhun. Ọwọ́ àti ojú yín ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ mú súkúrù tuntun mẹ́ta dání láti ilé: PH2, PH1, àti pẹlẹbẹ kan. Ẹ fi orí súkúrù kọ̀ọ̀kan bọ ẹnu bíìtì rẹ̀, kí ẹ wá fi ìka méjì mi súkúrù náà. Bí ó bá bá a mu, á dúró ṣinṣin, ẹ kò ní gbọ́ kí ó máa ró kẹ̀kẹ̀. Bí ó bá ń mì lọ́tùn-ún lósì, ẹ dá a padà fún olówó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹnu bíìtì náà nínú ìmọ́lẹ̀. Apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin onísítáà gbọ́dọ̀ dọ́gba, etí wọn sì gbọ́dọ̀ mú. Bí wọ́n bá ti fi ohun dídán kùn ún débi pé etí rẹ̀ ti di róbótó, ìyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lò ó rárá. Bíìtì tí ara rẹ̀ dúdú tàbí tó rí bí eérú, tí kò dán, kò fi bẹ́ẹ̀ wuni lójú, ṣùgbọ́n òun ló sábà máa ń ṣeé gbára lé.

Kí ẹ tún wo bí bíìtì ṣe jókòó sínú ọ̀pá. Ẹ dì í mú, kí ẹ fì í. Ìmì díẹ̀ kò burú, nítorí pé ohun tí à ń yọ tí à ń fi kò lè le gírígírí. Bí ó bá ń fì bí eyín tó fẹ́ yọ, ọwọ́ yín ni yóò máa jìyà rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n kọ ìwọ̀n sára bíìtì kọ̀ọ̀kan, PH2, T15 (ti Torx) àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tí kò kọ ìwọ̀n sára bíìtì ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ sí yín lọ́rùn.

Ìdánwò kan ṣẹ́kù tó jẹ́ ti ilé, nítorí olùtajà kò ní gbà á. Ẹ fi fáìlì irin ha ẹnu bíìtì kan tí ẹ kò lò púpọ̀. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́ wọlé bí ẹni tó ń ha igi, irin náà rọ̀. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ti ra ohun gidi.

Èèkù, ráṣẹ́ẹ̀tì àti òòfà

Ọwọ́ kan náà tó fún èèkù ló ń yí súkúrù. Bí èèkù bá ṣe sanra tó ni agbára ìyí ṣe ń pọ̀ tó: èyí tó jẹ́ mìlímítà 36 á fún yín ní ìlọ́po méjì agbára èyí tó jẹ́ 18, láìjẹ́ pé ẹ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣejù wà níbẹ̀ náà, torí pé èèkù gìdìgbà kò ní wọ inú àpótí iná tó há. Rọ́bà díẹ̀ lára èèkù dára, pàápàá nígbà tí òógùn bá bo ọwọ́. Wera ti ìlú Wuppertal àti Wiha ti ìlú Schonach, ní Jámánì méjèèjì, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí bí èèkù ṣe ń bá àtẹ́lẹwọ́ mu, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí tiwọn wọ́n.

Ráṣẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ́ kí ẹ yí ọwọ́ lọ, kí ẹ dá a padà, láìgbé ẹnu kúrò lórí súkúrù. Eyín tó wà nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì: bí ó bá jẹ́ 72, ìyí díẹ̀ tó jẹ́ dígírì 5 ti tó láti mú èyí tó kàn. Ó gbádùn mọ́ni nígbà tí súkúrù bá pọ̀, bíi fún ẹni tó ń to ọgọ́rùn-ún àgbékọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tí kò gbọ́dọ̀ fo yín. Ẹ fi ìka méjì di ọ̀pá mú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ yí èèkù sẹ́yìn. Bí ọ̀pá bá bá a padà, ráṣẹ́ẹ̀tì náà wúwo jù. Lójú iṣẹ́, á máa tú súkúrù tó ti dẹ̀ padà sí ibi tó ti wá, ẹ ó sì máa yí lọ yí bọ̀ lásán. Ráṣẹ́ẹ̀tì tó gbówó kékeré kì í sábà pẹ́. Bí owó kò bá tó ra èyí tó dára, ẹ ra èyí tí kò ní ráṣẹ́ẹ̀tì rárá. Kò ní já yín kulẹ̀.

Òòfà tó wà nínú ihò bíìtì ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń di bíìtì mú kó má já bọ́, ó sì ń mú súkúrù dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó wúlò púpọ̀ fún iṣẹ́ òkè àjà àti inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ó tún ń kó ìyẹ̀fun irin jọ. Ẹ máa nù ún.

Ọ̀rọ̀ iná kò gba àwàdà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti jókòó dáadáa. Súkúdíráfà ẹlẹ́nu-púpọ̀ kì í ṣe irinṣẹ́ ààbò iná. Ọ̀pá irin rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ó sì wọ inú èèkù lọ. Ike tó bo èèkù kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ti dán an wò. Iná ilé wa jẹ́ fóòlùtì 230, ó sì tó láti pa èèyàn.

Èyí tí wọ́n ṣe fún iná ní àmì tirẹ̀: igun mẹ́ta méjì tó wọ ara wọn, àti 1000 V lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlànà àgbáyé IEC 60900 ló ń darí rẹ̀, fóòlùtì 10,000 ni wọ́n sì fi ń dán irinṣẹ́ náà wò kó tó jáde. Wera àti Wiha ń ṣe àwọn kan tí a lè pààrọ̀ ọ̀pá wọn, tí ike ààbò sì bo ọ̀pá kọ̀ọ̀kan títí dé ẹnu. Irú ìyẹn nìkan ni ẹlẹ́nu-púpọ̀ tó bá oníná mu.

Tẹ́sítà tí gbogbo wa mọ̀, tí gílóòbù kékeré rẹ̀ ń tàn, kò rọ́pò súkúdíráfà. Inú rẹ̀ ni resistor kan wà tó ń dín iná tó ń gba ara yín kọjá kù. Bí ó bá ti já bọ́ lemọ́lemọ́, tàbí tí omi wọ inú rẹ̀, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Ẹnu rẹ̀ tínrín, tí a bá fi ń tú súkúrù, á lọ́. Gílóòbù tí kò sì tàn kò fi hàn pé iná kò sí: oòrùn lè bò ó mọ́lẹ̀, bàtà rọ́bà àti àkàbà igi lè mú kó má tàn. Mítà ni kí ẹ fi wádìí.

Ohun tó ń pa àwọn oníná wa ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú: "Kò síná." Ilé iṣẹ́ iná, tí a ṣì ń pè ní NEPA, lè mú un dé nígbàkigbà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lè gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé bí wọn kò bá so ṣéńjì-ófà rẹ̀ dáadáa. Ìnfátà lè wà ní títàn. Ẹ pa gíà àkọ́kọ́, ẹ fi mítà wádìí, kí ẹ tó fi irin kan ohunkóhun. Kò sí súkúdíráfà tó lè ṣe èyí fún yín.

Èwo ló tọ́ sí ta?

Fún ilé lásán, ẹ ra èyí tó ń gbé bíìtì oní-6.35 pamọ́ sínú èèkù, tó ní bí ẹnu mẹ́jọ sí méjìlá. Kò nílò ráṣẹ́ẹ̀tì. Bí owó bá kù, ẹ fi ra PH2 àti PH1 mìíràn tó dára ju ti inú rẹ̀ lọ, torí pé àwọn ló máa kọ́kọ́ jẹ.

Fún oníná, ẹ ra súkúdíráfà alámì 1000 V mẹ́rin: pẹlẹbẹ méjì, onísítáà méjì. Ẹlẹ́nu-púpọ̀ lè wà nínú àpò fún iṣẹ́ tí iná kò kàn, bíi kíkan ohun èlò mọ́ ògiri.

Fún alátùn-únṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà, àpótí oní-mìlímítà 4 ni. Kí PH000, PH00, PH0, Pentalobe, onílà mẹ́ta àti T5 wà nínú rẹ̀. Ẹ yẹra fún ráṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, torí pé ìka gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí súkúrù kékeré bá ti dé ìdí.

Fún mẹkáníìkì ọ̀kadà àti ọkọ̀, ẹlẹ́nu-púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju olùrànlọ́wọ́ lọ. Súkúrù tó ti dógùn-ún fẹ́ irin tí a lè fi òòlù lù, ọ̀pá ẹlẹ́nu-púpọ̀ kò sì lè gba òòlù. Ẹ fi epo sí i, ẹ jẹ́ kó mu ún, kí ẹ wá lo súkúdíráfà tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo gbọọrọ, tí irin rẹ̀ la èèkù já dé ẹ̀yìn. Ẹ má fi ẹnu pẹlẹbẹ ṣí páànù tàbí gbẹ́ nǹkan jáde. Ọ̀nà tó yá jù láti ba irinṣẹ́ yìí jẹ́ nìyẹn.

Fún káfíńtà àti àwọn alálúmíníọ̀mù, bíìtì 6.35 tó ń wọ ẹ̀rọ ìlu náà ló ń wọ súkúdíráfà yìí, nítorí náà ẹ ra bíìtì PH2 ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ sì máa ju èyí tó bá ti jẹ nù lọ́gán. Bíìtì tó ti jẹ á máa jẹ orí súkúrù tuntun, ohun tí ẹ pàdánù lórí súkúrù á sì ju iye bíìtì lọ. Fún aránṣọ, pẹlẹbẹ kúkúrú kan tó fẹ̀ dáadáa ló ṣe kókó, torí pé súkúrù ojú irin tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ kò fẹ́ ẹnu tó kéré.

Ìtọ́jú, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́

Afẹ́fẹ́ etíkun Èkó ní iyọ̀ nínú, òjò wa sì ń gùn. Bíìtì tí a kò nù á dógùn-ún. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí nù ún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì gbé e síbi tó gbẹ. Ẹ má jù ú sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ níbi tí sípánà á ti máa gún un.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni mo fẹ́ bá àwọn ọ̀gá sọ. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, irinṣẹ́ tó ti gbó jù ni a ń fún ọmọ iṣẹ́. Ó ń fi ẹnu tó ti jẹ kọ́ iṣẹ́, súkúrù ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, a sì ń bá a wí pé ọwọ́ rẹ̀ kò le. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti gbà pé bí iṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn, pé kí orí súkúrù jẹ kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló máa san gbèsè yẹn. Ọ̀gá tó bá ra PH2 méjì tó dára fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì fi hàn án bí ẹnu ṣe ń bá orí mu, ti kọ́ ọ ní ohun tí kò ní gbàgbé. Ní ọjọ́ tí a bá sì ń fún ọmọ iṣẹ́ lómìnira, tí àwọn ẹbí ń kó ẹ̀bùn wá, súkúdíráfà gidi kan àti àpótí bíìtì kékeré tí ẹnu rẹ̀ le tọ́ sí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ra èyí tó kéré níye tó sì dára, kí ẹ fún un.